Ta Ni Yóò Mú Ajá Lọ? Àlàyé Lórí Ẹran Ọ̀sìn Inú Ilé Nígbà Tí Tọkọtaya Bá Ń Kọ Ara Wọn Sílẹ̀

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ọkùnrin kan wọlé tọ̀ mí wá níbi tí a ti ń tọ́jú ẹran ní Ilé-Ifẹ̀. Kò fa ajá lọ́wọ́, kò sì gbé ológbò dání. Nígbà tó kí mi tán, ó ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, káàdì abẹ́rẹ́ Tanímọ̀la ni mo wá gbà." Mo bi í pé, "Bàbá Ìbejì, ṣé kò sí o? Ṣé ara ajá yá?" Ó ní ara ajá le koko, pé agbẹjọ́rò òun ló ní kí òun wá gba káàdì náà. Oòrùn kò tíì kan àtàrí tí Ìyá Ìbejì náà fi dé, ó dúró síbi tí ọkọ rẹ̀ dúró sí láàárọ̀, ohun kan náà ló sì béèrè. Mo fa káàdì náà yọ nínú àpótí níwájú rẹ̀. Etí rẹ̀ ti ká, omi sì ti ta sí ojú ọdún àkọ́kọ́. Lórí ìlà tó yẹ kí a kọ orúkọ ẹni tó ni ajá sí, "Ilé Ìbejì" ni mo kọ síbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara mi, lọ́dún tí ajá náà ṣì kéré débi pé ìborùn ni ìyá náà fi wé e wá. Nọ́ńbà fóònù ìyàwó ló wà lábẹ́ rẹ̀. Rìsíìtì owó tí wọ́n fi ra ajá náà, tí wọ́n ká mọ́ inú káàdì, orúkọ ọkọ ló wà lórí rẹ̀.

N kò mọ ẹni tí ǹ bá gbé e fún. Mo bẹ àwọn méjèèjì pé kí wọ́n fún mi láyè díẹ̀, mo sì lọ bá àwọn agbẹjọ́rò tí mo mọ̀, mo ka òfin tí wọ́n tọ́ka sí, mo sì wá rí i pé ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ìbéèrè kan ṣoṣo ni, ìbéèrè méjì ni. Èkíní ni pé, ta ló ni ẹran yìí? Èkejì ni pé, ọwọ́ ta ni yóò ti rí ìtọ́jú? Kóòtù wa lágbára láti dáhùn èkíní. Èkejì kò sí nínú ohun tí òfin wa ní kí adájọ́ béèrè. Ẹ̀yin tí ẹ jọ ń sin ẹran náà ni ẹ ó bi ara yín, bí ẹ kò bá sì bi ara yín, kò sí ẹni tí yóò bi yín. Nítorí èyí ni mo ṣe ń kọ àlàyé yìí.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí òfin, nítorí ibẹ̀ ni àṣìṣe ti pọ̀ jù. Lójú òfin Nàìjíríà, ajá, ológbò, ehoro tàbí odídẹrẹ́ tí ẹ ń sìn nínú ilé, ohun ìní ni, bí àga ti jẹ́ ohun ìní, bí ọkọ̀ ti jẹ́ ohun ìní. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí máa ń dun ènìyàn, ó sì ń dun èmi náà tó jẹ́ pé ẹran ni mò ń fọwọ́ kàn láti àárọ̀ títí di alẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ ọ tó sì gbà á yóò tètè mọ ibi tí yóò fẹsẹ̀ lé. Òfin tó ń darí títú ìgbéyàwó ká fún àwọn tó ṣègbéyàwó lábẹ́ òfin ìjọba ni Matrimonial Causes Act ti ọdún 1970. Abala 71 nínú rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọ, ó ní ire wọn ni kí adájọ́ fi ṣíwájú nígbà tó bá ń pinnu ẹni tí wọn yóò máa bá gbé. Abala 57 tún fi kún un pé bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 bá wà nínú ìgbéyàwó náà, ìkọ̀sílẹ̀ kò ní di àṣeparí àfi bí adájọ́ bá rí i pé ètò tó dára wà nílẹ̀ fún ọmọ náà, tàbí pé ìdí pàtàkì kan wà tí kò fi lè rí bẹ́ẹ̀. Abala 72 ló kan ohun ìní: ó fún adájọ́ lágbára láti pàṣẹ pé kí ọkọ tàbí ìyàwó ya ohun ìní kan sọ́tọ̀ fún àǹfààní àwọn méjèèjì, tàbí ti ọ̀kan nínú wọn, tàbí ti àwọn ọmọ wọn, gẹ́gẹ́ bí ó bá ti tọ́ tó sì yẹ lójú rẹ̀.

Ẹ tún un wò dáadáa: ọkọ, ìyàwó, ọmọ. Àwọn tí abala yẹn ń wá àǹfààní fún nìyẹn. Ajá kò sí lára wọn, inú ohun tí wọ́n ń pín ló wà. Nítorí náà, ẹni tó bá dúró níwájú adájọ́ tó ń sọ pé ọ̀dọ̀ òun ni inú ajá ti máa ń dùn jù, òótọ́ ló lè máa sọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìbéèrè tí òfin bi í ló ń dáhùn. Bákan náà ni abala 70, tó sọ̀rọ̀ nípa owó ìtọ́jú, kò kọjá ìyàwó, ọkọ àti ọmọ. Ẹni tí ajá bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò lè gbé òfin yẹn lọ́wọ́ kó ní kí ẹnì kejì máa san owó oúnjẹ ajá lóṣooṣù, àfi bí ẹnì kejì bá fúnra rẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀.

Irú ìgbéyàwó tí ẹ ṣe ló ń sọ kóòtù tí ẹ ó lọ. Bí ó bá jẹ́ ìgbéyàwó ti ìjọba, ìbáà jẹ́ èyí tí ẹ ṣe ní rẹ́jísìrì tàbí èyí tí ẹ ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì tó ní àṣẹ ìjọba, tí ẹ sì gba ìwé ẹ̀rí lé e lórí, ilé-ẹjọ́ gíga nìkan ló lè tú u ká, ilé-ẹjọ́ gíga Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sì ní ẹ̀ka ní Ilé-Ifẹ̀ àti ní Iléṣà. Bí ó bá jẹ́ pé ìdána ti ìbílẹ̀ nìkan ni ẹ ṣe, kóòtù ìbílẹ̀ tí gbogbo wa ń pè ní kọ́sítọ́márì ni ibi tí ẹ ó lọ, kì í sì í ṣe Matrimonial Causes Act ni wọn yóò lò níbẹ̀. Àmọ́ ní ti ẹran ọ̀sìn, ibi kan náà ni kóòtù méjèèjì yóò gbà wò ó, wọn yóò béèrè ẹni tó ni ín.

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń mọ ẹni tó ni ín? Ẹni tó ti ní ajá kí ó tó wọlé ọkọ, tàbí kí ó tó gbé ìyàwó wọlé, tirẹ̀ ni, ó sì yẹ kí ó mú un lọ. Ìyàwó nílẹ̀ Yorùbá ti ní ohun ìní tirẹ̀ lọ́tọ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, kì í ṣe pé ohun gbogbo tó bá wọ agbo ilé ti di ti baálé. Ẹ̀bùn tí a bá ti fà lé ènìyàn lọ́wọ́ ti di ti ẹni tí a fún. Ọkọ tó ra ọmọ ajá fún ìyàwó rẹ̀ ní ọjọ́ ìbí kò lè wá sọ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta pé owó òun ni wọ́n fi rà á. Bákan náà ni èyí tí ẹ̀gbọ́n ìyàwó bá gbé wá láti fi kí i kú oríire. Ọmọ náà lè ní ohun ìní, nítorí náà bí ẹ bá dúró níwájú ẹlẹ́rìí tí ẹ sọ fún ọmọ yín pé ajá yìí di tirẹ̀, ó tọ́ kí ẹ rántí rẹ̀ nígbà tí ẹ bá fẹ́ pín in.

Èyí tó nira ni èyí tí tọkọtaya jọ rà, tàbí tí ọ̀kan rà tí ẹnì kejì sì ń bọ́. A kì í la ajá sí méjì. Adájọ́ tó bá gbà pé àwọn méjèèjì ló jọ ni ín lè fún ẹnì kan, kí ó ní kí ó dá owó tó bá a mu padà fún ẹnì kejì. Fún ajá ìbílẹ̀, owó náà lè má tó owó ọkọ̀ tí ẹ fi ń lọ sí kóòtù. Fún ajá òyìnbó tó jẹ́ abo, tó ń bímọ, tí wọ́n ń ta ọmọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ pátápátá, nítorí pé òwò ni ẹ ń pín níbẹ̀, mo sì máa ń rọ àwọn tó bá ní irú rẹ̀ pé kí wọ́n kọ iye ọmọ tó bí àti iye tí wọ́n tà wọ́n sílẹ̀ kí ìjà tó dé. Ọmọ tí abo ajá bá bí, ti ẹni tó ni ìyá ni, àyàfi tí àdéhùn mìíràn bá wà.

Ohun kan wà nínú àṣà wa tó là mí lójú sí ọ̀rọ̀ yìí ju ìwé òfin lọ, òun ni àgbàsìn. Àwọn tó dàgbà ní ìletò mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹnì kan á ra abo ewúrẹ́, kò ní àyè tàbí ìgbà láti tọ́jú rẹ̀, á wá gbé e fún ẹlòmíràn kí ó bá òun sìn ín. Nígbà tí ewúrẹ́ bá bímọ, wọn yóò pín ọmọ náà gẹ́gẹ́ bí àdéhùn wọn. Ìyá ẹran kò kúrò ní ti ẹni tó rà á, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ja ewé fún un, tó ń dá a wọlé bí òjò bá ṣú, kì í lọ lọ́wọ́ òfo. Àwọn baba wa ti mọ̀ tipẹ́ pé ẹni tó ni ẹran lè yàtọ̀ sí ẹni tó ń sìn ín, àti pé ìtọ́jú ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀. N kò sọ pé kóòtù yóò gbé àgbàsìn lé ajá inú ilé lórí o. Ohun tí mò ń sọ ni pé bí ẹ bá jókòó láàárín ara yín láti ṣe àdéhùn, kì í ṣe àṣà àjèjì ni ẹ ń kó wọlé bí ẹ bá sọ pé, "Ìwọ lo rà á, èmi ni mo tọ́ ọ, kí la ó ṣe sí i?"

Mo sọ èyí nítorí pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bá mi sọ̀rọ̀ ti ka ìròyìn lórí fóònù wọn pé adájọ́ kan ní òkè òkun fún ìyàwó ní ajá nítorí pé òun ló ń tọ́jú rẹ̀, wọ́n sì rò pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí níbí. Òótọ́ ni pé òfin ti ń yí padà níbòmíràn. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ Alaska ló kọ́kọ́ ṣe é ní ọdún 2017, tí òfin ibẹ̀ fi ní kí adájọ́ wo àlàáfíà ẹran náà. Illinois tẹ̀ lé e ní ọdún 2018, California ní ọdún 2019, New York sì ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2021. Ní Sípéènì, láti oṣù kìíní ọdún 2022, ẹ̀dá tó ń mọ ìrora àti ìdùnnú ni òfin pe ẹranko, adájọ́ sì lè pín ìtọ́jú rẹ̀ láàárín tọkọtaya tó ń kọ ara wọn sílẹ̀. Jámánì wà ní agbedeméjì: ìwé òfin wọn sọ kedere pé ẹranko kì í ṣe ohun èlò, ó sì tún sọ pé òfin ohun èlò ni kí wọ́n máa lò fún un bí òfin mìíràn kò bá sí. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí a ti jogún púpọ̀ nínú òfin tiwa, ṣì ń pe ajá ní ohun ìní títí di òní. Kò sí èyí tó de adájọ́ kan ní Ilé-Ifẹ̀ nínú gbogbo rẹ̀. Agbẹjọ́rò yín lè tọ́ka sí i bí ó bá wù ú, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbé ìrètí yín lé e.

Èyí tí ẹ lè gbé ìrètí lé ni àdéhùn tí ẹ bá fọwọ́ ara yín ṣe. Bí tọkọtaya bá fohùn ṣọ̀kan lórí bí wọn yóò ṣe pín ohun ìní wọn, agbẹjọ́rò wọn lè kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n fi síwájú adájọ́, bí adájọ́ bá sì gbà á wọlé, ó di ìdájọ́ kóòtù. Gbogbo ohun tí òfin kò béèrè nípa ẹran yín, ẹ lè fi sínú ìwé yẹn. Ẹ lè kọ ilé tí ajá yóò máa gbé, ẹni tí yóò máa san owó abẹ́rẹ́ àti oúnjẹ, ọjọ́ tí ẹnì kejì lè wá wò ó tàbí mú un jáde, àti bóyá yóò máa tẹ̀ lé àwọn ọmọ lọ sí ilé kejì nígbà ìsinmi. Ẹ kọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bá kó lọ sí Èkó sí iyàrá kan tí onílé kò ti gba ajá. Kí ó tó gbé e fún ará ìta tàbí kí ó tó tà á, ṣé kò yẹ kí ó kọ́kọ́ fi lọ ẹnì kejì? Ẹ kọ ìyẹn náà. Bí àìsàn tó le bá sì ṣe é, tí ó di pé kí a pinnu bóyá kí a dá ẹ̀mí rẹ̀ légbodò tàbí kí a má dá a, ta ni ohùn rẹ̀ yóò borí? Ìbéèrè yìí máa ń ṣòro láti bi ara ẹni, èmi sì ti rí ajá tó jẹ̀rora ọjọ́ mẹ́rin lórí tábìlì mi nítorí pé àwọn méjì tó ni ín kò gbé fóònù ara wọn.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn wà lára ohun tí tọkọtaya lè parí kí wọ́n tó dé ibẹ̀, nítorí náà ó dára kí wọ́n mú un kúrò nínú ìjà tó kù. Ohun tó sábà máa ń dínà ni pé àwọn ẹbí kì í kà á sí. Ilé-Ifẹ̀ ni a wà, níbi tí ajá ti jẹ́ oúnjẹ Ògún láti ayébáyé, tí àwọn mìíràn sì ń jẹ ẹ́. Nígbà tí Ìyá Ìbejì dárúkọ Tanímọ̀la níwájú àwọn àgbà ìdílé méjèèjì tó wá parí ìjà, àbúrò bàbá ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyàwó wa, ajá náà la ń wí?" N kò dá bàbá náà lẹ́bi. Ṣùgbọ́n mo mọ obìnrin yẹn. Lọ́dún tí àìsàn ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ mú ajá náà, òun ló ń fi síbí bu omi oníyọ̀ àti ṣúgà sí i lẹ́nu ní wákàtí wákàtí, tó sùn sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní òru mẹ́ta. Ẹni tó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀dá kan kò yẹ kí a fi ẹ̀rín dá a lóhùn.

Mo ní láti sọ̀rọ̀ nípa àkókò tó wà láàárín, nítorí ibẹ̀ ni ìyà ti ń jẹ ẹran jù. Ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ kì í parí lọ́jọ́ kan. Kódà lẹ́yìn tí adájọ́ bá ti sọ pé òun tú ìgbéyàwó náà ká, oṣù 3 ni òfin ní kí ó kọjá kí ìdájọ́ náà tó di àṣeparí, ká má tíì ka àwọn oṣù tí ẹjọ́ fi wà nílẹ̀. Ní gbogbo ìgbà yìí, ìyàwó lè ti padà sí ilé bàbá rẹ̀, kí ọkọ máa jáde láàárọ̀ kùtù, kí ajá wà lórí ṣéènì láìsí ẹni tó ń bu omi sí agbada rẹ̀. Ẹ ṣe àdéhùn fún àkókò yìí lọ́tọ̀, kí ẹ sì sọ ọ́ sínú ìwé pé kì í ṣe pé ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ báyìí ti jẹ́wọ́ pé tòun ni tàbí pé kì í ṣe tòun. Bí ẹ kò bá kọ èyí, ẹni tó gbà láti fi ajá sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta lè wá rí i pé wọ́n ń fi sùúrù rẹ̀ bá a rojọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sì fi òru gbé ẹran lọ. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn kan pé tọkọtaya kò lè jí ohun ara wọn. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, kò sì kún. Abala 36 nínú Criminal Code, ìwé òfin tó wà fún ìwà ọ̀daràn, sọ pé tọkọtaya tó ṣe ìgbéyàwó ọkọ kan aya kan lábẹ́ òfin, tí wọ́n sì jọ ń gbé, kò jẹ̀bi ẹ̀sùn ọ̀daràn nítorí ohun tí ọ̀kan bá ṣe sí ohun ìní ẹnì kejì. Àmọ́ abala kan náà yọ ohun tí ọ̀kan bá ṣe nígbà tó ń kọ ẹnì kejì sílẹ̀ lọ, tàbí tó ti fẹ́ máa lọ, sílẹ̀ kúrò nínú ààbò yẹn. Ìgbà yẹn gan-an sì ni àwọn ènìyàn máa ń gbé ajá sínú bọ́ọ̀tù ọkọ̀. Ẹni tó bá fi ìbínú pa ẹran náà lára láti fi dun ẹnì kejì ti kọjá ọ̀rọ̀ ohun ìní pátápátá, nítorí pé ìwà ìkà sí ẹranko jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ Criminal Code yìí kan náà.

Nípa ti ìlera wọn, iṣẹ́ tèmi gan-an, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí. Ènìyàn ni ajá ń bá lọ, ilé ni ológbò ń bá gbé. Ajá tó bá wà pẹ̀lú ẹni tó mọ̀ lè kó láti Ifẹ̀ lọ sí Iléṣà, tí kò ju nǹkan bí 30 kìlómítà lọ, kí ara rẹ̀ sì balẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Ológbò tí ẹ bá gbé lọ sí ilé mìíràn, ẹ tì í mọ́ inú iyàrá kan fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn fún un, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò wá ọ̀nà ilé àtijọ́ lọ, àwọn mìíràn kì í sì í dé ibẹ̀. Ẹ tún wo àwọn tó wà ní ilé tí ẹ ń gbé ológbò lọ, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá wa ṣì ń fi ojú àjẹ́ wo ológbò, èyí tó jẹ́ dúdú pàápàá, ẹ má ṣe fi ẹ̀dá tí kò ṣẹ̀ síbi tí wọn yóò ti máa sọ ọ́ lókò. Nípa ti ajá, abẹ́rẹ́ àrùn dìgbòlugi ni mo ń bẹ̀rù jù. Ọdọọdún ni a ń gún un. Lọ́dún tí tọkọtaya bá ń jà, ọkọ á rò pé ìyàwó ti gún un, ìyàwó á rò pé ọkọ ti gún un, ajá náà á sì máa ṣeré pẹ̀lú ọmọ wọn. Bí àrùn dìgbòlugi bá ti fi àmì hàn lára ènìyàn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tó ń yè é. Nítorí náà, kí ẹ tó pín ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ wo déètì tó wà lórí káàdì.

Ní ti káàdì náà, ẹ jẹ́ kí n dá àwọn agbẹjọ́rò lóhùn níbí, nítorí wọ́n ń rán ènìyàn sí mi. Káàdì abẹ́rẹ́ kì í ṣe ìwé ohun ìní. Ó ń sọ ẹni tó mú ajá wá àti ìgbà tó mú un wá, kò sọ ẹni tó ni ín. Ó lè ran adájọ́ lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé ẹnì kan ń ṣe bí olówó ẹran, àti pé kò purọ́ nígbà tó sọ pé òun ló ń tọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n rìsíìtì tí wọ́n fi rà á, ẹlẹ́rìí tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n fi ta á lọ́rẹ, àti àtẹ̀jíṣẹ́ WhatsApp tí ẹ fi ń bá ara yín sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ lè wúwo jù ú lọ. Láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ Tanímọ̀la ti ṣẹlẹ̀, n kì í kọ "Ilé" sí orí ìlà yẹn mọ́. Mo máa ń bi ẹni tó gbé ẹran wá pé, "Ta ló ni ín?" Bí wọ́n bá wo ara wọn lójú, mo máa ń ní kí wọ́n lọ sọ ọ́ níta kí wọ́n tó padà wá sọ fún mi.

Tanímọ̀la kò dé iwájú adájọ́. Àwọn méjèèjì jókòó pẹ̀lú agbẹjọ́rò wọn, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé Pàràkìn, àdúgbò kan ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, ni yóò máa gbé lọ́dọ̀ Bàbá Ìbejì. Kì í ṣe ohun tí ǹ bá yàn nìyẹn bí wọ́n bá bi mí, nítorí mo rò pé ọwọ́ ìyá náà ló yẹ kí ó wà. Ṣùgbọ́n agboolé bàbá rẹ̀ ní Iléṣà kò ní ọgbà, àgùntàn àti adìyẹ àwọn aládùúgbò ń kọjá níwájú ilé láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ajá náà kò sì tíì rí àgùntàn rí láìlé e. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó sọ ọ́ fún un. Àwọn ìbejì á máa lo ìsinmi wọn ní Pàràkìn, ọkọ á máa san owó oúnjẹ, òun á sì máa san owó abẹ́rẹ́. Ó wá bẹ̀ mí pé nígbà tí mo bá ń kọ káàdì tuntun, kí n má pa nọ́ńbà òun rẹ́, kí òun ló ṣì wà lókè.

Nígbà tí ọjọ́ abẹ́rẹ́ pé, nọ́ńbà yẹn ni mo pè. Ó wọkọ̀ láti Iléṣà, Bàbá Ìbejì sì fa ajá wá láti Pàràkìn. Wọ́n kí ara wọn pé ẹ káàárọ̀. Ajá náà fa okùn já kúrò lọ́wọ́ bàbá, ó gbé àgbọ̀n lé ẹsẹ̀ obìnrin náà, kò sì gbé e kúrò níbẹ̀ nígbà tí mo ń fa oògùn sínú abẹ́rẹ́. Ó di etí rẹ̀ mú fún mi títí mo fi gún un tán, mo sì kọ déètì sí i.